Tèmi Ni Ẹ̀san (1979): Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù lórí fíìmù Shohei Imamura, àti ìdáhùn wọn

Fíìmù wo gan-an ni?

Fíìmù Jàpáànì kan ni, Shohei Imamura ló darí rẹ̀, oṣù kẹrin ọdún 1979 ló sì jáde. *Fukushū suru wa ware ni ari* ni wọ́n ń pè é nílé. Lókè òkun, *Vengeance Is Mine* ló wà lára páálí rẹ̀. Iléeṣẹ́ Shochiku àti iléeṣẹ́ Imamura fúnra rẹ̀ ló jọ gbé e jáde. Ìṣẹ́jú 140 ló gùn.

Iwao Enokizu ni orí ìtàn náà. Gbájú-ẹ̀ ni, apànìyàn sì ni. Ó pa èèyàn márùn-ún láàárín oṣù díẹ̀ ní ìparí ọdún 1963, ó ń sá kiri láti ìlú dé ìlú, ó ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Ọ̀rọ̀ "ta ló pa wọ́n" kò sí níbẹ̀ rárá, torí pé nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀.

Fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni mo rí?

Ẹ má fi orúkọ nìkan wá a. Ẹ fi orúkọ olùdarí àti ọdún kún un: Imamura, 1979. Ẹ tún wo orúkọ òṣèré tó léwájú, Ken Ogata. Tí ohun tí ẹ rí kò bá tó wákàtí méjì, wọ́n ti gé e, tàbí kí ó jẹ́ òmíràn.

Ẹ̀dà kan wà tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 134. Wọn ò gé ìyẹn o. Ètò tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ máa ń sá àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 24, nítorí náà fíìmù náà á tètè parí, ohùn àwọn èèyàn á sì lọ sókè díẹ̀.

Ta ni Imamura?

Tokyo ni wọ́n ti bí i ní 1926, ó sì kú ní 2006. Ó kọ́kọ́ ṣe igbákejì fún Yasujiro Ozu, ẹni tí fíìmù rẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ tí gbogbo nǹkan sì máa ń wà létòlétò. Imamura kò fẹ́ irú ìyẹn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ àwùjọ ló wù ú láti wò: àwọn aṣẹ́wó, onítẹ́tẹ́, àwọn obìnrin oko, àwọn tí òfin ń lé.

Ní 1968, fíìmù ńlá kan tó náwó lé lórí kò pa owó wọlé. Láti ìgbà náà títí di 1979, fíìmù tó ń tẹ̀ lé àwọn èèyàn gidi kiri ló gbájú mọ́. *Tèmi Ni Ẹ̀san* ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí eré ìtàn àròsọ, ohun tó kọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn sì hàn níbi gbogbo: ọjọ́ àti ibi tó ń jáde lójú àwòrán, yàrá tóóró, kámẹ́rà tó dúró bí ẹlẹ́rìí tí kò sí ohun tó lè ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes lẹ́ẹ̀mejì, ní 1983 àti 1997.

Àwọn wo ló ṣeré nínú rẹ̀?

Ken Ogata ni Iwao. Rentaro Mikuni ni Shizuo, bàbá rẹ̀. Chocho Miyako ni Kayo, ìyá rẹ̀. Mitsuko Baisho ni Kazuko, ìyàwó rẹ̀. Mayumi Ogawa ni Haru, obìnrin tó ń ṣe ilé ìtura ní Hamamatsu, Nijiko Kiyokawa sì ni Hisano, ìyá Haru. Frankie Sakai, tí àwọn ará Jàpáànì mọ̀ sí aláwàdà, ló ṣe ọlọ́pàá.

Shinsaku Himeda ló ya àwòrán rẹ̀, Masaru Baba ló kọ eré náà sílẹ̀, Shin'ichiro Ikebe ló ṣe orin. Ní ọdún tó jáde, òun ni ìwé ìròyìn Kinema Junpo fi sí ipò kìíní láàárín fíìmù Jàpáànì, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù ní Japan Academy àti ní Blue Ribbon.

Ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Akira Nishiguchi ni orúkọ ẹni náà. Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 1963 ló pa ọkùnrin méjì ní ìpínlẹ̀ Fukuoka nítorí owó tábà tí wọ́n ń gbà kiri. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ó pa ìyá àti ọmọ tó ń ṣe ilé ìtura kan ní Hamamatsu. Ní òpin oṣù kejìlá, ó pa lọ́yà kan tó ti dàgbà ní Tokyo. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1964 ní Tamana, ìpínlẹ̀ Kumamoto. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kejìlá 1970.

Òǹkọ̀wé Ryuzo Saki ló tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì kọ ọ́ ní ìwé ní 1975. Ìwé yẹn gba ẹ̀bùn Naoki, tó wà lára ẹ̀bùn tó lórúkọ jù fún ìwé ìtàn ní Jàpáànì. Láti inú ìwé Saki ni fíìmù ti jáde, kì í ṣe láti inú ìwé ọlọ́pàá tààrà.

Kí ni fíìmù yí padà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀?

Orúkọ ni àkọ́kọ́: Nishiguchi di Enokizu, àwọn tó kú náà sì gba orúkọ mìíràn.

Èkejì ni bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Nishiguchi lọ sí ilé olórí ẹ̀sìn Búdà kan tó ń jà fún àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún láìṣẹ̀, ó ní lọ́yà lòun, òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ọmọdébìnrin ilé náà, tó ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló rí i pé ojú rẹ̀ jọ ojú tó wà lára ìwé tí ọlọ́pàá lẹ̀ káàkiri. Ìtàn tó dùn ún sọ nìyẹn, ọ̀pọ̀ olùdarí ni ì bá sì sáré mú un lò. Imamura fi í sílẹ̀. Tí ó bá mú un lò, ọmọ náà ni gbogbo wa ì bá máa rántí, ọ̀rọ̀ ilé Enokizu á sì di àfẹ́kù.

Ẹ̀kẹta ni pé fíìmù fa ọ̀rọ̀ bàbá, ọmọ àti ìyàwó ọmọ gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wá wo bí ọlọ́pàá ṣe ń lépa ọ̀daràn nìkan, ibẹ̀ ló máa ń bínú sí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ibo ni wọ́n ti mú àkọlé náà?

Ìwé Róòmù orí 12, ẹsẹ 19: "Tèmi ni ẹ̀san, èmi ó gbẹ̀san, ni Olúwa wí." Onígbàgbọ́ ni ìdílé Enokizu, ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó ka ẹsẹ náà sókè fún wa nínú fíìmù, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀san kankan gbà: Iwao kò gbẹ̀san lára ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ìjọba pa á, inú ẹnikẹ́ni kò sì dùn sí i.

Ṣé mo lè bá àwọn ọmọ wò ó?

Rárá. Pípa èèyàn wà níbẹ̀ tó gùn tó sì ń ríni lára, ìhòòhò àti ìbálòpọ̀ wà, ọkùnrin kan fipá bá obìnrin lò pọ̀ nínú ilé tí àwọn mìíràn wà. Kò sí èyí tí orin bò mọ́lẹ̀ tàbí tí kámẹ́rà yí ojú kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà náà kì í fẹ́ bá òbí wọn jókòó wò ó.

Disk wo ló máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tèmi?

Wọ́n máa ń ti disk mọ́ àgbègbè kan láyé, ẹ̀rọ àgbègbè mìíràn kì í sì í ṣí i. Méjì ló wọ́pọ̀. Ti iléeṣẹ́ Criterion ní Amẹ́ríkà: Blu-ray rẹ̀ jẹ́ ti àgbègbè A, DVD rẹ̀ jẹ́ ti àgbègbè 1. Ti iléeṣẹ́ Eureka ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọ̀wọ́ Masters of Cinema: Blu-ray rẹ̀ jẹ́ ti àgbègbè B.

Nàìjíríà, Benin, Togo àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní àgbègbè B fún Blu-ray. Ẹ̀rọ tí ẹ rà ní London, tí ẹ gbé wá sí Ìbàdàn, á ṣí ti Eureka láìjanpata, kò sì ní ṣí ti Criterion àyàfi tí wọ́n bá ti tú àgbègbè rẹ̀. Ti DVD yàtọ̀: àgbègbè 5 ni Nàìjíríà, àgbègbè 2 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà wa sábà máa ń ṣí gbogbo rẹ̀. Àwọn tó lórúkọ ńlá ló ń ṣe àgídí.

Ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ kò bá ẹnu wọn mu. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Tí ó bá ti yapa láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìyàpa náà sì dúró sójú kan, ẹ ṣí fíìmù nínú VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo fíìmù: bọ́tìnnì H á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ sí i, G á jẹ́ kí ó yá, ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá ní ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu àti ọ̀rọ̀ á fi pàdé.

Tí ó bá bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ tó wá ń yapa díẹ̀díẹ̀, G àti H kò lè wò ó sàn. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀dà ìṣẹ́jú 134 lẹ ń lò pẹ̀lú ẹ̀dà 140, tàbí òdìkejì rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25 yà kúrò. Ẹ lo Subtitle Edit, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ìtumọ̀ ṣe: ẹ yàn pé kí ó yí iye àwòrán padà láti 25 sí 23.976 (ìyẹn nǹkan bí 24 tí a sọ lókè), tàbí láti 23.976 sí 25 tí ó bá jẹ́ òdìkejì, kí ẹ tún fáìlì náà pamọ́ ní orúkọ mìíràn kí ti àkọ́kọ́ má bàa bàjẹ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìtumọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń fo àwọn ọ̀rọ̀ tó jáde lójú àwòrán, ìyẹn ọjọ́ àti orúkọ ìlú. Láìsí ìyẹn, ẹ máa sọnù láàárín ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ìtàn náà ń fò síwájú, ó ń fò sẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe lè tò ó?

Ẹ fi ọkọ̀ ọlọ́pàá inú òjò dídì ṣe òpó. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964 nìyẹn, Iwao wà láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó ń kọrin, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lọ sóde. Láti ibẹ̀, yàrá tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni gbogbo ìtàn yòókù ti ń jáde. Tí ẹ bá tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, báyìí ló lọ.

Ọdún 1938, erékùṣù Goto: ọ̀gá ológun ojú omi gba ọkọ̀ ìpẹja lọ́wọ́ bàbá Iwao. Lẹ́yìn ogun: ìdílé náà ti kó lọ sí Beppu, wọ́n ń ṣe ilé ìtura níbi omi gbígbóná, Iwao fẹ́ Kazuko, ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí jìbìtì, ó jáde, ó tún lọ. Oṣù kẹwàá 1963: àwọn ọkùnrin méjì tó ń gba owó tábà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ojú omi tó ti fi bàtà àti lẹ́tà sílẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ó ti bẹ́ sómi. Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá: Hamamatsu àti Tokyo. Oṣù kìíní 1964: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìparí fíìmù fo ọdún mélòó kan síwájú, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣi ibi kan mú: ìran pípa àkọ́kọ́ yára wá, kí a tó mọ ohunkóhun nípa ìgbà èwe rẹ̀. Imamura mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tí ó bá ti fi 1938 ṣáájú, ohun tí a máa rò ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpẹja ló sọ ọmọ di apànìyàn, a ó sì fọwọ́ lẹ́rán.

Orúkọ wọn ń dàrú mọ́ mi lójú.

Ní Jàpáànì, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú. Enokizu ni ìdílé, Iwao ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá á pè é ní Enokizu, bàbá rẹ̀ á pè é ní Iwao. Asano ni orúkọ ìdílé Haru àti ìyá rẹ̀, òun náà ni orúkọ ilé ìtura wọn. Ní Hamamatsu, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí irọ́ tó pa fún wọn nìyẹn: ó ní Yunifásítì Kyoto lòun ti wá.

Ẹlẹ́sìn Kristi ní Jàpáànì ọjọ́un? Báwo?

Ọdún 1549 ni Francis Xavier mú ìjọ Àgùdà dé ibẹ̀. Ní 1614, ìjọba fòfin de ẹ̀sìn náà jákèjádò ilẹ̀ wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ tẹ àwòrán Jésù mọ́lẹ̀. Àwọn tó kù fi ẹ̀sìn wọn pamọ́ sínú erékùṣù ìpẹja ní agbègbè Nagasaki, Goto wà lára wọn. Ọdún 1873 ni ìjọba tó mú ọwọ́ òfin kúrò.

Nítorí náà, tí ọ̀gá ológun bá wọ Goto ní 1938, tó ní àwọn onígbàgbọ́ kò fẹ́ràn ọba Jàpáànì tó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọkọ̀ lásán. Ìran bàbá Iwao ti mọ irú ìdánwò yẹn láti ayébáyé. Iwao tó jẹ́ ọmọdé gbé igi, ó fi lu ológun náà. Bàbá ló tẹrí ba. Ọmọ náà kò dárí ìtẹríba yẹn jì í títí tó fi kú.

Ẹ rántí pé ìjọ Àgùdà kò gba kí tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí Shizuo fi tọ Kazuko lọ láti mú un padà wálé nígbà tí Iwao wà lẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ni wàhálà tó tóbi jù ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni Iwao ṣe ń rí èèyàn tàn bẹ́ẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló ń lò, ẹ wò ó dáadáa, torí àwọn gbájú-ẹ̀ tiwa náà kò yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni aṣọ: kóòtù, táì, awò ojú. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, ṣùgbọ́n kí a tó rántí ìyẹn, owó ti lọ. Èkejì ni ipò tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n, lọ́yà. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ìdààmú ti bá èèyàn. Ó lọ sí ilé-ẹjọ́, ó wá ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́jọ́, ó ní òun á bá a gba béèlì, ó gba owó lọ́wọ́ ìyá náà, ó bá ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde.

Ogata kò ṣe é bí ẹni tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ó máa ń fi owó ṣe fàájì. Ohun tó ń gbà á là ni pé kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè béèrè ìbéèrè kejì.

Kí ló dé tí Iwao fi tọ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀?

Inú oko ló ti pa ọkùnrin àkọ́kọ́, òòlù ló sì kọ́kọ́ fi lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lọ́wọ́, kò sí omi nítòsí. Ìtọ̀ ni omi tó wà. Ó ṣan ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀. Pípa náà ti kọ́kọ́ pẹ́ jù, ó ti le jù, ẹni tí wọ́n ń pa kò tètè kú bí ti inú sinimá mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a wá rí ẹni tó ṣe é tó ń fọ ọwọ́ bí àgbẹ̀ tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Kò yọ̀, kò sì káàánú. Ẹ fi wé ti lọ́yà Tokyo: a ò rí bó ṣe pa ìyẹn, òkú la kàn rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fẹ́ padé. Imamura ti fi bí pípa ṣe rí hàn wá lẹ́ẹ̀kan, kò ní tún un ṣe láti fi dá wa lára yá.

Gbogbo Jàpáànì ló ń wá a. Kí ló dé tí ọwọ́ ò fi tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ 78?

Nígbà náà, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Fukuoka ní ìwé tirẹ̀, Shizuoka, níbi tí Hamamatsu wà, ní tirẹ̀, Tokyo ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ ojú irin ré kọjá ààlà máa ń sinmi díẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà. Àwòrán orí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni ohun ìjà wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀daràn tó ń sá pamọ́ ni wọ́n ń wá, ẹni yìí kò sì sá pamọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ Nishiguchi yìí ló mú kí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àpapọ̀ wọn dá ètò kan sílẹ̀ ní 1964: tí ìwà ọ̀daràn ńlá bá ti kọjá ìpínlẹ̀ kan, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, gbogbo ìpínlẹ̀ á sì jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ṣé bàbá ń yan ìyàwó ọmọ rẹ̀ lálè ni?

Wọn kò bára wọn lò pọ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì mọ̀, ìyá Iwao mọ̀, Iwao náà sì mọ̀. Ìran omi gbígbóná, níbi tí Kazuko ti ń wẹ ẹ̀yìn bàbá ọkọ rẹ̀, ni kí ẹ wò léèmejì. Ẹ wo ọwọ́ Mikuni: ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà tó sì ń dẹ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Kazuko kò sí níbẹ̀ nítorí ọkọ. Nítorí Shizuo ló ṣe padà wálé, nítorí rẹ̀ náà ló ṣe gba ẹ̀sìn. Shizuo sì fi òfin Ọlọ́run dá ara rẹ̀ dúró, ó wá ń fi ìdádúró yẹn ṣe ìgbéraga. Iwao kórìíra èyí ju bí ì bá ti kórìíra ẹ̀ṣẹ̀ gan-an lọ. Lójú tiwa, Mikuni ló ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú fíìmù yìí, kì í ṣe Ogata.

Haru mọ̀ pé apànìyàn ni, ó sì tún dúró tì í. Kí ló dé tí Iwao fi pa á?

Ilé sinimá ni Haru ti mọ̀: àwòrán Iwao jáde lójú ògiri gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn tí wọ́n ń wá. Haru kò lọ fẹjọ́ sùn. Kò ní ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ń lò ó bí ohun ìní, ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí ó pààyàn, àwọn ará àdúgbò kò bá wọn rìn. Iwao ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá a jẹun bí èèyàn.

Ó fún un lọ́rùn pa, lẹ́yìn náà ló pa ìyá rẹ̀, ó sì kó ẹrù ilé wọn lọ fi dógò gba owó. Ẹ lè sọ pé owó ló fẹ́. Ẹ lè sọ pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tú àṣírí òun. Méjèèjì kò tó: ó lè jí owó wọn láìpa wọ́n, wọ́n sì ti fi hàn pé àwọn kò ní tú u. Fíìmù fi àlàfo yẹn sílẹ̀ gbayawu, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a lè fara mọ́ ìdáhùn kan ṣoṣo.

Kí ni iṣẹ́ ìyá arúgbó yẹn, Hisano?

Òun nìkan ló lè bá Iwao sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ wo tẹ́tẹ́ eré ọkọ̀ ojú omi, àwọn méjèèjì ń rìn bọ̀, ìyá náà sọ pé ẹni tí òun pa, òun fẹ́ kí ó kú ni, nígbà tí ó sì kú, ara tu òun. Ó bi Iwao bóyá ó ti pa ẹni tó fẹ́ pa gan-an. Kò tíì pa á.

Ẹ fi ìran yìí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀wọ̀n tó ń bọ̀ kò lè yé ẹni tó bá sùn níbí.

Kí ni bàbá àti ọmọ ń sọ fún ara wọn nínú ẹ̀wọ̀n?

Shizuo wá sọ fún un pé ìjọ ti yọ ọ́, pé òun náà ti ní kí wọ́n yọ òun. Iwao ní ìwọ gan-an ló yẹ kí n pa. Bàbá dá a lóhùn pé kò lè pa òun: àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ nìkan ló lágbára láti pa. Bàbá tutọ́ sí ọmọ lójú.

Gbólóhùn yẹn sún mọ́ ìdí ju ohunkóhun mìíràn nínú fíìmù lọ, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀, torí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ́. Ṣé bàbá ń sọ òtítọ́ fún ọmọ ni, àbí ó ń lò ó láti fi dá ara rẹ̀ láre? Àwọn tó ń wá àìsàn ọpọlọ, tàbí ìyà ìgbà èwe, tàbí ebi, á rí díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, wọn ò ní rí èyí tó tó láti fi kó òkú márùn-ún. Imamura gbà pé kò sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìdáhùn kan ṣoṣo fún yín lórí ìyẹn.

Egungun tí wọ́n jù sílẹ̀ dúró sójú òfuurufú. Ṣé disk mi ló bàjẹ́?

Disk yín kò bàjẹ́. Shizuo àti Kazuko wọ ọkọ̀ tí ń fi okùn irin gòkè, wọ́n gbé egungun Iwao dé orí òkè, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán dì, egungun náà kò já bọ́. Wọ́n tún ju òmíràn, ó tún dúró.

Ní Jàpáànì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkú, àwọn ẹbí á fi igi ìjẹun ṣa egungun sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e lọ sí ibojì ìdílé. Jíjù tí wọ́n ń ju tirẹ̀ dànù, kíkọ̀ ọ́ lọ́mọ ni. Dídúró tí egungun dúró sójú kan wá jẹ́ pé kíkọ̀ náà kò ṣeé ṣe. Àwọn kan ní ẹ̀mí Iwao ló ń bá bàbá rẹ̀ jà; ẹ wo ojú Shizuo bó ṣe ń jù ú tagbáratagbára, ẹ ó rí i pé òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí n tún un wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Nígbà kejì, ẹ fi ìran 1938 àti ìran ẹ̀wọ̀n ṣe méjì tí ẹ ó máa fi wé ara wọn: ibi tí bàbá dúró, ibi tí ọmọ dúró, ẹni tí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn Iwao náà. Ní Beppu, èdè àdúgbò Kyushu, erékùṣù ńlá tí Beppu wà, ló ń sọ. Tó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí lọ́yà, á yí sí ti Tokyo. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ kì í fi èyí hàn, etí lẹ máa fi mú un: ti ilé wúwo, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ti irọ́ ló ń dán.